Ta Ni Ọlọ́rọ̀ Nínú Ọjà Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí lè má dùn létí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n bí a kò bá bá ara wa sọ ọ́ nílé, òde ni wọ́n á ti bá wa sọ ọ́.

Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ nínú ọjà yìí: "Olówó ni lágbájá o." Tí ẹ bá bèèrè ohun tí wọ́n fi mọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí léèsì tó wọ̀ níbi òkú ìyá ọkọ rẹ̀ ni? Ẹ ò rí bó ṣe ń ná owó fún olórin?" Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá owó yẹn jẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ta ni géńdé tó dúró sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, tó mú ìwé gbèsè dání. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ń náwó lọ́tọ̀, ẹni tó lówó lọ́tọ̀, ọlọ́rọ̀ sì tún lọ́tọ̀. A ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra nínú ọjà yìí, ìdàpọ̀ yẹn ló sì ń ti ìsọ̀ pa.

Àwọn tó ni èdè yìí kò da wọ́n pọ̀. Olówó wà, ọlọ́rọ̀ wà, ọlọ́lá wà, orúkọ mẹ́ta ni. Bí àgbàlagbà bá ń wúre fún wa, kì í sọ pé ẹ ó lówó kó sì dákẹ́. Á ní ire owó, á ní ire ọmọ, á ní ire àlàáfíà, á wá fi ire àìkú dé e lórí. Àpapọ̀ wọn ni ọrọ̀. Owó nìkan, ọmọ ìyá kan ni nínú ọmọ ìyá mẹ́rin.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan lọ́rọ̀, ẹ má wo ọrùn rẹ̀, ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi í: Tí ẹ kò bá lè wá sọ́jà fún oṣù kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀ nílé yín? Ṣé wọ́n á jẹun? Ṣé owó ilé-ìwé á lọ? Ṣé ẹnikẹ́ni á wá kanlẹ̀kùn torí gbèsè? Ṣé ẹnìkan á bá yín ṣí ìsọ̀ láìjí owó yín? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú ẹ̀rín, ọlọ́rọ̀ ni, ì báà jẹ́ ata rodo ló ń tà.

Ọlọ́run sì ti bá wa dán ìbéèrè yìí wò. Ẹ rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà. Wọ́n gba àwọn tó ń ta oúnjẹ láyè fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n aláṣọ, oníbàtà àti onígèlè jókòó ni. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń pè ní olówó ti fọwọ́ kan owó òwò. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn padà, owó òwò ti di gàárì, gàárì sì ti tán. Léèsì wà nínú àpótí o. Ta ló fẹ́ rà á?

Ẹ tún rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni báńkì àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2023, owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́. Tòmátì ń rà lórí àtẹ, oníbàárà dúró níwájú wa, kò sí ohun tó máa fi rà á. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Ó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí dé ìparí ọdún náà. Láàárín ìgbà yẹn, ta ló jẹun dáadáa? Kì í ṣe ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ní báńkì. Ẹni tí oníṣu lè wò lójú kó ní, "Ẹ máa gbé e lọ, màmá, tí owó bá jáde ẹ ó mú un wá," òun ló jẹun. Orúkọ rere ni owó kan ṣoṣo tí báńkì kankan kò lè pààrọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 dé, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo bẹntiróòlù kan kúrò lábẹ́ ₦200, ó gun òkè ₦480. Owó ọkọ̀ gbéra, ẹrù gbéra. Ká ní ẹnìkan fi ₦500,000 ra ọjà kí epo tó wọ́n, ó tà á, ó rí ₦600,000. Ó yọ̀, ó ní òun jèrè. Ó padà sọ́dọ̀ alágbàtà, ₦600,000 kò lè gbé iye ẹrù tó gbé tẹ́lẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, ọjà rẹ̀ sì kéré sí i. Ẹ wò ó bí èèyàn ṣe lè máa ka owó púpọ̀ kó sì máa tòṣì lọ. Ẹni tó bá fi èrè irú ọjà bẹ́ẹ̀ ra aṣọ òde, kì í ṣe èrè ló ná, ìdí òwò rẹ̀ ló gé jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tó ń dun wa gan-an, ìyẹn owó tí à ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n yá ìyá kan ní ₦100,000, wọ́n ní kó máa dá ₦5,000 padà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ ọjà 24. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Wọ́n á ní, "₦20,000 péré lèlé, kí ni yẹn?" Ẹ fara balẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń dá owó padà. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejìlá, ₦60,000 ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ju ìdajì owó náà lọ kò lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, èlé gbogbo rẹ̀ ló sì san. Bó bá yá irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, ó ti san ₦200,000 lórí ₦100,000 kan náà, ₦100,000 ọ̀hún kò sì tíì di tirẹ̀. Ta wá ni olówó níbẹ̀? Ẹni tó wọ aṣọ ni, àbí ẹni tó wá gbowó?

A kò sọ pé ẹni tó bá fi owó yíyá ra ẹrù tó ń tètè tà ṣẹ̀. Bí ẹrù bá lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù, tí èrè rẹ̀ sì ju èlé lọ, òwò ni. Ṣùgbọ́n léèsì kì í bímọ. Gèlè kì í pa èrè. Ẹni tó yáwó ra aṣọ ẹbí ti san owó aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan fún aláṣọ, ó tún san èlé rẹ̀ fún olówó èlé, ó sì wọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́fà.

Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, Òṣómàáló là ń pè wọ́n, torí wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló síbẹ̀ títí àwọn á fi gba owó àwọn. Òṣómàáló yẹn ṣì máa ń wá fúnra rẹ̀, ó ṣeé bẹ̀. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù lónìí kì í lóṣòó. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, orúkọ ẹni ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí àna, sí ọ̀gá ọmọ ẹni. Orúkọ rere tí a ní ó ju owó lọ lẹ́ẹ̀kan, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà.

Àwọn kan tún fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá. Sogúndogójì ni. MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésì kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́. A rò pé gbogbo ìlú ti kọ́gbọ́n. Oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe ohun kan náà, àwọn èèyàn tún di orí mú. Ẹni tó ń fi ọdún mẹ́wàá kọ́ òwò kì í yára gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní olówó kí oṣù tó parí ni wọ́n máa ń rí mú.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó dára wà nílẹ̀. Alájọ tó ń gba ₦1,000 lójúmọ́, ti ọjọ́ kan ló ń mú lóṣù, ó kó ìyókù fún wa. Èsúsú kò tiẹ̀ mú nǹkan kan: èèyàn mẹ́wàá dá a jọ, oníkálukú kó o bó ṣe kàn án, kò sí èlé, kò sí ìtìjú. Kò ní ariwo ni kò jẹ́ kí wọ́n kà á sí ohun olówó.

Wọ́n á ní, "Ṣebí àwọn ìyá wa àtijọ́ náà ṣe fáàrí?" Wọ́n ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí a fi ń rántí wọn.

Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú ta epo, ó ta iyọ̀, ó ta tábà, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856. Nígbà tí ogun Dàhómì dojú kọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1864, ó kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, ohun tí wọ́n ń rántí tí wọ́n bá sọ ìdí tó fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá nìyẹn. A kò ní tìtorí pé ìyá wa ni ká fi òótọ́ pamọ́: ó ta ẹrú pẹ̀lú. Owó tí a gbà lórí ọmọ ọlọ́mọ, owó ni, a kò ní pè é lọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìlú wà nínú ewu, ó na ọwọ́ sí ìlú, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́.

Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìbàdàn náà ń kọ́? Ẹni tó bá ti wo eré tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀ mọ orúkọ náà. Ó ní oko, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, àwọn ológun ń gba ohun ìjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òun àti Ààrẹ Látòósà kọlu ara wọn ní ọdún 1874, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á láàárín ọdún kan náà nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn tó ń jẹ lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lò. Kì í ṣe àìlówó ló pa á. Owó pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ni kò sí.

Ẹ wá wo Alímọ́tù Pelewúrà. Ẹja ló ń tà ní ọjà Ẹrẹ̀kó ní Èkó. Kò kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó ní ọdún 1940, òun ni àwọn obìnrin ọjà tẹ̀ lé, wọ́n jáde lọ bá ìjọba, ìjọba sì ní láti sún ẹ̀yìn fún àwọn tí owó wọn kéré. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí wọ́n ń fi òfin dá iye lé gàárì, òun náà ló tún síwájú. Ó kú ní ọdún 1951. Ta ló rántí àwọ̀ gèlè rẹ̀?

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó jọ ńkọ́? Aláàdìrẹ ni wọ́n, alárò ni wọ́n, ẹlẹ́kọ ni wọ́n. Kò sí èyí tó lè fi owó tirẹ̀ nìkan bá Aláké wọ̀yá ìjà. Wọ́n jọ dúró, wọ́n kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ní Ìbàdàn, Àlhájà Humuani Àlàgá tà aṣọ títí ó fi gbajúmọ̀, òun àti ẹgbẹ́ Isabatudeen rẹ̀ sì dá ilé-ìwé gíráámà àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970. Aṣọ ló tà o. Ilé-ìwé ló fi sílẹ̀.

Nísinsìnyí, a mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò lówó lẹ ń bú owó." Rárá o. A kò bú owó. Òṣì kò dára, kò sì sí ẹ̀san kankan nínú ebi. Obìnrin tó ń tọrọ owó oògùn kò tíì ní ìsinmi kankan tó máa fi sọ̀rọ̀ ìwà. Àwa náà fẹ́ owó, ìdí tí a fi ń jí ní aago mẹ́rin nìyẹn. Torí pé a fẹ́ ẹ la ṣe ń sọ pé kí ó dúró lọ́wọ́ wa.

Àwọn mìíràn á ní, "Èèyàn laṣọ. Bí a kò bá ná ti ẹlòmíràn, ta ló máa wá ná tiwa?" Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, a kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́ ni pé èèyàn lọrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: èèyàn wo? Nínú ọgọ́rùn-ún tó wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú wa, mélòó ló wá sí ọsibítù? Mélòó ló bá wa kó ẹrù nígbà òjò? Aládùúgbò ìsọ̀ tó ta ọjà wa nígbà tí ara wa kò yá, tó mú owó rẹ̀ wá pé pérépéré, òun lèèyàn tí àwọn àgbà ń sọ. Bóyá kò tiẹ̀ lówó tó máa fi ra aṣọ wa. Ẹ sì wá ní kó má jókòó tì wá?

Ní ti owó tí wọ́n ń ná fún olórin lójú agbo, òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti sọ ọ́ ní abala 21: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2024, gbajúmọ̀ kan faṣọ péńpé roko ọba lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ìdí tí a fi ń kọ ìwé yìí báyìí ni pé ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ máa jáde. Aṣọ tí wọ́n mú wá, pẹ̀lú gèlè, ₦45,000 ni. Wọ́n ní ẹni tí kò bá rà á kò ní jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́. A ò gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọgọ́rùn-ún obìnrin péré, ₦4,500,000 nìyẹn. Owó yẹn lè gbé ₦150,000 fún ọgbọ̀n obìnrin tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ìsọ̀ wọn kò fi ní kú kí wọ́n tó dìde. Ẹ rántí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tó jóná ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Iná kì í bèèrè ẹni tó ra aṣọ àti ẹni tí kò rà á.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún, a sì máa dúró lé e lórí nípàdé. Èkíní, kí aṣọ ẹbí má ṣe jẹ́ dandan mọ́. Ẹni tó bá wù ú kó rà á, ẹni tí kò bá rà á kó fi gèlè funfun tó wà nílé jáde, kí gbogbo wa jókòó pọ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ dá àpò kan sílẹ̀ fún àìsàn, òfò àti iná, kí oníkálukú máa dá ₦500 sí i lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ka ìwé owó rẹ̀ sétí gbogbo wa lóṣooṣù. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yéé pe orúkọ èèyàn pẹ̀lú iye tó dá ní gbangba. Ìpè yẹn ló ń lé àwọn àbúrò wa lọ sọ́dọ̀ olówó èlé.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ti pẹ́ lọ́jà, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn ọmọdé ń wo ohun tí ẹ bá wọ̀. Bí ẹ bá fi gèlè funfun jáde lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé òtòṣì ni wọ́n fi ń dá mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí olówó kan bá wà láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì wọn ti di méje. Kí Ọlọ́run má ṣe sọ ẹnikẹ́ni nínú wa di ìkeje. Ajé á bá wa gbé, a ò ní fi gbèsè kó o lọ. Ire o.